Ẹ̀kọ́ Ilé, Ẹ̀kọ́ Àjò: Bí Yunifásítì Ìbàdàn Ṣe Bá Ayé Pàdé

Ètò tí yunifásítì kan fi ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lóye ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n lè bá ẹni tí èdè àti àṣà rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ìwé ẹ̀rí wọn sì níyì níbikíbi tí wọ́n bá gbé e dé, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń pè ní sísọ ẹ̀kọ́ di ti àgbáyé. Yunifásítì lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè-òkun fún sáà kan, ó lè gba olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ àlejò sílé, ó sì lè tún ìlànà ẹ̀kọ́ tò, ìyẹn àkójọ ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́ kí a tó gboyè, kí ó má bàa jẹ́ ìmọ̀ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni yóò kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lóde òní máa ń ka ẹ̀kọ́ ilé sí ohun tó ti wà nílẹ̀, wọ́n a sì ka ti àgbáyé sí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi kún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti òkè-òkun ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ti wá, ìdánwò òkè-òkun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó sì gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ọdún ni bí ilé yóò ṣe ní ipò tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn Yunifásítì Ìbàdàn ló fi èyí hàn jù, nítorí pé ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú ìmọ̀ wo àdúgbò rẹ̀ ni àwọn tó kàwé níbẹ̀ di ẹni tí ayé ń tẹ́tí sí.

Kí Ìbàdàn tó ní yunifásítì, ìrìn-àjò ni ẹ̀kọ́ gíga jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1827 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, ní Sàró, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Lọ́dún 1876, ilé-ẹ̀kọ́ náà bá Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀, èyí tó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí Freetown lè ṣe ìdánwò Durham, kí ó sì gba oyè Durham, láì rékọjá òkun. Ibẹ̀ ni Henry Carr, ọmọ Èkó, ti gboyè lọ́dún 1882. Ibẹ̀ náà ni Obadiah Johnson kọ́kọ́ lọ kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Edinburgh. Àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ni. Nígbà tí Samuel kú lọ́dún 1901, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní òkè-òkun, dókítà yìí ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ló tún ìwé náà kọ, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1921. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí èyí: ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé jìnnà jù nínú àwọn ọmọ ìyá wọ̀nyẹn ló gba ìtàn Ọ̀yọ́ là kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìran tó tẹ̀lé e kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sàró, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, orúkọ tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹgbẹ́ náà sí ni WASU. Ọ̀pọ̀ onílé ní ìlú náà kì í gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá wọn, nítorí náà Ṣólańkẹ́ rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1929 títí di 1932 láti kó owó jọ, owó yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 1933. Nínú ilé náà ni ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Gánà òde òní, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà ti jọ ń jẹun, tí wọ́n ti jọ ń jiyàn lórí bí ilẹ̀ wọn yóò ṣe gba òmìnira. Àwọn tó rán wọn lọ kàwé kò pète irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n òun ló sọ wọ́n di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yàtọ̀ sí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ilé, ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìwé ẹ̀rí Yaba kò níyì kọjá Nàìjíríà, ẹni tó bá sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ fún dókítà òyìnbó ni ìjọba kà á sí. Ìbínú lórí èyí wà lára ohun tó bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó lọ́dún 1934, ẹgbẹ́ tó wá di Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní yára dá àwọn aṣáájú ìgbà náà lẹ́bi pé wọ́n ń lé oyè Lọ́ńdọ̀nù kiri. Wọ́n ti rí i pé ìwé ẹ̀rí tí a dá yàtọ̀ fún aláwọ̀ dúdú, ipò ẹrú ni yóò fi ẹni tó gbà á sí.

Inú ìrírí yìí ni yunifásítì ti jáde. Lọ́dún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan Ìgbìmọ̀ Elliot láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Olùṣọ́àgùntàn Israel Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà Abẹ́òkúta, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó jókòó nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Asquith ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, àwọn méjèèjì sì jábọ̀ lọ́dún 1945. Ní oṣù Kìíní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 kó kúrò ní Yaba wá sí Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, sínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn ológun fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Kenneth Mellanby, onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n bẹ́ ilẹ̀ níbi tí yunifásítì wà títí di òní, lórí ilẹ̀ tí àwọn ìjòyè àti ará Ìbàdàn yọ̀ǹda.

Orúkọ tí wọ́n fún ìbáṣepọ̀ Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù ni àjọṣe pàtàkì. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ni oyè, òun ló ń fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀kọ́, àwọn olùdánwò rẹ̀ sì ń bá àwọn olùkọ́ Ìbàdàn gbé ìbéèrè kalẹ̀ kí wọ́n tó jọ gbé máàkì lé ìdáhùn. Irú àjọṣe yìí kan náà ni wọ́n bá Legon ní Gánà, Makerere ní Ùgáńdà àti Mona ní Jàmáíkà ṣe, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Látìnì ní Ìbàdàn ní ẹlẹgbẹ́ tó ń ka ohun tó jọ ọ́ ní ìhà kejì òkun Àtìláńtíìkì. Ní ti iyì oyè, èrè ńlá ni, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú dìgírì Ìbàdàn láì tẹ́ńbẹ́lú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ti ohun tí a kọ́, àléébù rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gíríìkì àti Látìnì wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ti Yorùbá kò sí. Àwọn ayàwòrán ilé, Maxwell Fry àti Jane Drew, ti dá ihò sí ara ògiri àwọn ilé tuntun náà kí atẹ́gùn Ìbàdàn lè máa gba inú wọn kọjá. Ó gba ìlànà ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí òun náà tó fi àyè sílẹ̀ fún ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn ni àyípadà ti kọ́kọ́ hàn kedere, ìtàn rẹ̀ sì tó kí a rọra sọ ọ́. Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1950, lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè tí odò Ọya ti ń ṣàn wọ òkun. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn òyìnbó gbà nígbà náà ni pé níbi tí àkọsílẹ̀ kò bá sí, kò sí ìtàn níbẹ̀. Dike lọ ka ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ bá àwọn àgbà agbègbè náà kí ó lè gba ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, ìyẹn ìtàn tí ìran kan ń sọ fún ìran kejì, ó fi ọ̀kan wádìí èkejì, kò sì gba èyíkéyìí nínú wọn gbọ́ láì dán an wò. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1956. Sàbúrì Bíóbákú ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1957, nígbà tí ó ti gba àkóso Ètò Ìwádìí Ìtàn Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, níbi tí àwọn òpìtàn, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn awalẹ̀pìtàn, tó ń hú ohun àtijọ́ jáde láti inú ilẹ̀, ti jọ ṣiṣẹ́. J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, dara pọ̀ mọ́ wọn ní Ìbàdàn lọ́dún 1958. Lọ́dún 1955 ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Òpìtàn Nàìjíríà sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí lágbára ni pé ojú kan náà ni wọ́n fi wo ilé àti àjò. Inú àjọṣe pàtàkì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní láti mú Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ṣe ìdánwò lórí ìtàn Áfíríkà, ẹ̀rí tí wọ́n sì fi mú wọn gbà ni ìwé tí wọ́n fi ìlànà ìwádìí Lọ́ńdọ̀nù kọ, tí kò sí ẹni tó lè rí ihò sí. Dike tún lépa ohun kan tí àwọn tó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu kàn tó: láti ọdún 1951 ló ti ń kó àwọn ìwé àtijọ́ ìjọba tó fọ́n káàkiri Nàìjíríà jọ, iṣẹ́ yìí ló di Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-Èdè, tí ilé rẹ̀ wà nínú ọgbà yunifásítì. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé, Ìbàdàn ni yóò wá ti kàwé. Nígbà tí àjọ UNESCO ń kó Ìtàn Áfíríkà jọ ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ, Àjàyí ni wọ́n fi ìdìpọ̀ kẹfà lé lọ́wọ́, ó sì jáde lọ́dún 1989.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fi ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta sí ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́dún 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù nígbà náà. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Àró ká sọ̀rọ̀, aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ kan gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ojúmọmọ, wọ́n ń padà sí abúlé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú; ó sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kópa nínú ìtọ́jú. Lọ́dún 1961, ìpàdé àwọn dókítà àrùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà sì wá bá a ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1963. Ìbàdàn tún jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn láti ṣe ìwádìí lórí àrùn ọpọlọ tó le jù, pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Washington, Agra ní Íńdíà àti àwọn mìíràn. Àbájáde rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé àwọn aláìsàn Ìbàdàn, Agra àti Cali ní Kòlóḿbíà gbádùn ju ti àwọn ìlú olówó lọ lápapọ̀. Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1968, kí ó tó lọ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 1973. Akin Mábògùnjẹ́ náà, tó kọ ìwé lórí àwọn ìlú Yorùbá lọ́dún 1962, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Jọ́gíráfì Àgbáyé, láti ọdún 1980.

Àwọn àlejò sì ń wá. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn ṣì wà lẹ́nu àwọn Gullah ní etíkun Carolina àti Georgia, wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1951. Ní ìlú Salvador ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì, Agostinho da Silva dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn sílẹ̀ nínú yunifásítì lọ́dún 1959, E. L. Láṣebìkan láti Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ kọ́ wọn ní èdè Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé òrìṣà wà lára àwọn tó wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀, àwọn tó ti ń fi Yorùbá kọrin láti kékeré láì gbọ́ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Ifẹ̀, tí yunifásítì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ lórí oríkì ìlú Òkukù, ó sì di olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ inú ìtàn yìí, òun ló yẹ kí a fi sí iwájú: òyìnbó tó ti kàwé ní Cambridge gba Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń gba oyè tó ga jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ tí ó ń wá wà.

Ohun méjì ló já okùn tó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ ayé yìí. Èkíní ni ìpakúpa ọdún 1966 tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní Àríwá àti ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbò fi Ìbàdàn sílẹ̀, Dike, tó ti di gíwá nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní òpin ọdún 1966. Lẹ́yìn ogun, Yunifásítì Harvard ló jàǹfààní ìmọ̀ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ńlá ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tọwọ́tẹsẹ̀ kò lè jẹ́ ilé fún ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó gbé e dúró.

Èkejì ni ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986. Kí ó tó di ìgbà náà, náírà kan kò jìnnà sí dọ́là kan. Nígbà tí owó náà já wálẹ̀, owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó nǹkan mọ́, ilé ìkàwé kò lè ra ìwé ìròyìn ìmọ̀ mọ́, àwọn olùkọ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíràn padà sílé. Nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà tó ṣí lọ, Abíọ́lá Ìrèlé lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Isidore Okpewho lọ sí Binghamton ní New York, Tóyìn Fálọlá kúrò ní Ifẹ̀, ó sì wọ Yunifásítì Texas ní Austin lọ́dún 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà jèrè wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó kù nílé sì ń ka ìwé wọn láì rí wọn bi léèrè.

Èdè Faransé ni a ti lè rí ọgbẹ́ náà jù. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ọ ní yunifásítì Nàìjíríà máa ń lo apá kan ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ní Faransé, ní Sẹ̀nẹ̀gà, tàbí ní Lomé ní Tógò. Nígbà tí owó rẹ̀ ga ju agbára lọ, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé níbẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ Faransé láàárín ara wọn. Iṣẹ́ gidi ni abúlé náà ń ṣe, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Faransé sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ó ń bá ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ọjọ́.

Ní ọ̀rúndún yìí, ìlẹ̀kùn ti tún ṣí díẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò kan kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà fi wá kọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, tí wọ́n gbé lọ́dọ̀ àwọn ìdílé ìlú náà, tí wọ́n sì gbọ́ èdè náà lọ́jà àti nínú ilé. Yunifásítì Gbogbo Áfíríkà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀, fi ẹ̀ka rẹ̀ tó wà fún ìmọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè àti ilẹ̀ ayé sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn sì ń wá gba oyè gíga níbẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ló ń jèrè rẹ̀ jù, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó fẹ́ mọ ilẹ̀ mìíràn kì í sábà rí ọ̀nà mìíràn ju kí ó ṣí lọ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ mìíràn wà nítòsí: ààlà Sèmè, láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí Àjàrá. Ní òdìkejì rẹ̀ ni Pọ̀tọ̀novo, Sákétẹ́ àti Kétu wà, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń fi èdè Faransé kàwé, Yunifásítì Abomey-Calavi sì ti wà ní ẹ̀bá Kútọnu láti ọdún 1970. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 ti mú físà kúrò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì fún ẹni tí kò bá lò ju 90 ọjọ́ lọ. Sáà ìdajì ọdún kan ní Calavi fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tàbí ti Faransé láti Ìbàdàn, pẹ̀lú sáà tó bá a mu ní Ìbàdàn fún ọmọ Kétu, kò nílò ju kí gíwá méjèèjì fọwọ́ sí ìwé, kí àjọ ECOWAS bá wọn wá àyè fún àwọn oṣù tó bá kọjá 90 ọjọ́ náà, kí wọ́n sì gbà pé máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà níbì kan yóò kà níbì kejì, gẹ́gẹ́ bí Durham ti gbà fún Fourah Bay lọ́dún 1876.